Ìṣẹ́jú Mọ́kàndínlógún Lẹ́nu Fèrèsé Gáréèjì

Mardiyah ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ìkòtún ń pè é. Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni. Bàbá rẹ̀ ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ pé ẹ̀rọ kì í bínú sí ènìyàn. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́, ohun kan ló fà á, ohun náà sì ní ibi kan pàtó tó jókòó sí. Ó kàwé dé póli, ó fẹ́ tíṣà, tíṣà gbé e wá sí Gowon Estate. Ọmọ méjì ló bí. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kò ga, kì í pariwo, kì í sì í sọ pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ ló gbà á síṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ní ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje. Orúkọ wọn, àwòrán wọn, àti nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà àgbà kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú ọ́fíìsì. Sáfà ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kì í jókòó tì í. Ó kàn ń pa orúkọ mọ́ ni. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nísàlẹ̀ lẹ́nu géètì, nínú ilé páànù, níbi tí Agnes ń jókòó sí lẹ́yìn fèrèsé onírin. Bí Agnes bá tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á bi sáfà, sáfà á sì fi orúkọ àti àwòrán ránṣẹ́ sí i kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Lọ́dún náà, àwọn kan ń pa oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n á wọlé bí èrò, wọ́n á ní kó gbé àwọn lọ sí ibi tí ilé kò tíì pọ̀ lọ́nà Ayọ̀bọ̀, wọ́n á gún un lọ́rùn láti ẹ̀yìn, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n pa láàárín oṣù kan. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbóná. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á kọ́kọ́ lù ú kí wọ́n tó bi í léèrè. Ìwé kẹ̀kẹ́ kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́, nítorí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìwé kò jìnnà sí gáréèjì: láàárọ̀ lo máa fún wọn lórúkọ, lọ́sàn-án lo máa gbàwé.

Mardiyah ló dìde nípàdé pé kí wọ́n pa ìwé tì. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n mú un wá sẹ́nu fèrèsé, kí Agnes tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ bá jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni méjì ni òfin náà gbà là lóṣù àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó bi í lọ́jọ́ ìpàdé náà pé bí kọ̀ǹpútà kò bá dáhùn rárá ńkọ́. Òun náà kò bi ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Richard tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ pè é sókè. Ẹnì kan ti ń yọ́ wọnú sáfà láti ìta, ó ti pààrọ̀ àwòrán ẹni mẹ́rin. Richard ní kó dí ọ̀nà náà. Sáfà ní ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbọ́ ìbéèrè, ẹnu ọ̀nà náà sì ní nọ́ńbà. Mardiyah pààrọ̀ nọ́ńbà náà sí èyí tí olè kò mọ̀. Ó tún kọ àwọn kọ̀ǹpútà tí sáfà gbọ́dọ̀ dá lóhùn sílẹ̀, mẹ́ta péré, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Mẹ́rìnlá ni ti Agnes. Kọ̀ǹpútà yòówù tó bá dé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kí sáfà lé e padà.

Ṣùgbọ́n sáfà kì í ka àṣẹ tuntun àfi bí wọ́n bá pa á, tí wọ́n tún tan án. Richard sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ bọ́tìnnì rẹ̀ pa, nítorí bí wọ́n bá pa á, ó ń pẹ́ kó tó jí, èrò á tò dé títì, wọ́n á sì máa bú ìyá akọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á lójú èrò. Mardiyah ní kò burú, òun á wá lọ́jọ́ Àìkú, òun á pa á, òun á tan án, òun á sì fi nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tuntun sínú kọ̀ǹpútà Agnes. Lọ́jọ́ Àìkú, ibà gbé ọmọ rẹ̀ kékeré dè. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, nítorí àṣẹ àtijọ́ ni sáfà ṣì ń tẹ̀ lé. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í ké síni. Mardiyah gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, iná lọ. Bátìrì ínfátà ọ́fíìsì ti gbó. Kò gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Sáfà kú. Richard ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Sáfà jí, ó ka àṣẹ tuntun, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ lókè. Agnes kò tíì tẹ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí agogo mẹ́wàá lé ogún ìṣẹ́jú, Báyọ̀dé já èrò sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọmọ Ìdó-Èkìtì ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Ìgándò. Al-Ameen dúró nítòsí. Oníkẹ̀kẹ́ ni òun náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ẹni kẹta nínú àwọn tí wọ́n pa. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí wọ́n sin ín. Al-Ameen wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ Báyọ̀dé. Awọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi òwú pupa rán ní ìlà mẹ́ta ni. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, kò sí àní-àní. Ẹnì kan náà ló rán ìjókòó méjèèjì, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ro ìyẹn nígbà náà? Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi orí kan Báyọ̀dé nímú. Ẹ̀jẹ̀ bọ́.

Wọ́n rántí òfin. Wọ́n wọ́ ọ wá sẹ́nu fèrèsé. Báyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti orí fún Agnes. Agnes tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà rò ó, rò ó, ó sì kọ ọ̀rọ̀ pupa kan jáde lójú rẹ̀ lédè òyìnbó. Agnes tún un tẹ̀. Pupa. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sàjẹ́ǹtì, tó mú sípánà táyà lọ́wọ́, ki orí bọ àárín irin fèrèsé, ó wò ó. Ó yíjú sí èrò, ó ní pupa ni, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Agnes ń pariwo pé kì í ṣe pé orúkọ kò sí, kò ṣí ni, kò ṣí rárá. Wọ́n ti ń nà án.

Sípánà àkọ́kọ́ bà á ní ọwọ́ ọ̀tún. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú, wọ́n gun orí àyà rẹ̀.

Agogo mẹ́wàá lé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni Mardiyah bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rí èrò, ó rí ẹsẹ̀ ènìyàn kan láàárín wọn, ẹsẹ̀ náà ń ta. Agnes ń ké orúkọ rẹ̀ láti inú ilé páànù. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wo ojú kọ̀ǹpútà. Òun ló mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ pupa náà: mo kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó wo wáyà lákọ̀ọ́kọ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ó yọ ọ́ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó tún fi í padà síbẹ̀. Pupa. Ó rákò lọ sábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ lé wáyà dé ibi tó ti wọ inú ògiri. Eku kò jẹ ẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun síbẹ̀. Pupa. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ti lọ. Níta, ẹnì kan ń fi pákó lu Báyọ̀dé, ìró pákó náà ń lọ déédéé bí ẹni ń gúnyán, Báyọ̀dé sì ti dákẹ́ igbe. Ó ń kùn ni.

Sàjẹ́ǹtì tún wá sẹ́nu fèrèsé. Ó ní, “Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà yín ti dájọ́. Iṣẹ́ tiwa ló kù.”

Mardiyah ní, “Kò dá nǹkan kan. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ dúró.”

“Ó wá bàjẹ́ lónìí tí ọwọ́ tẹ olè. Ẹ kú iṣẹ́ jàre.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òkúta kan gba àárín irin wọlé, ó ba Agnes níwájú orí, Agnes jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sójú rẹ̀. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé àwọn obìnrin yìí ló ń bá olè pa orúkọ rẹ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe tìlẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀kùn nípàá.

Mardiyah kò wo ilẹ̀kùn. Ó ké sí sáfà láti ara kọ̀ǹpútà Agnes, kì í ṣe láti béèrè orúkọ, láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè ni. Sáfà dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin. Nítorí náà ọ̀nà dára. Nítorí náà kì í ṣe wáyà. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn dé ilé, onílé wà nílé, àmọ́ ibi tó ń kàn kì í ṣe ilẹ̀kùn mọ́. Mardiyah rò ó pé lánàá, ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀. Kí ló yàtọ̀ láàárín àná àti òní?

Ó bi Agnes pé, “Ṣé iná lọ láàárọ̀ yìí?”

Agnes fi ẹ̀gbẹ́ ìró di iwájú orí. Ó ní, “Iná lọ, Àǹtí. Ínfátà náà kú. Jẹẹ́n ni wọ́n tàn.”

Ọ̀rọ̀ Sátidé dé sí i lọ́kàn lódindi. Òun ni. Kì í ṣe eku, kì í ṣe Richard, kì í ṣe olè tó ń wọlé láti ìta. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn síbòmíràn tí kò sọ fún ẹni tó ń kàn án.

Ilẹ̀kùn páànù já. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wọlé, ó gbá a létí, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Ó ṣubú lu ògiri. Eyín kan bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tu ú dà sọ́wọ́, ó fi sórí tábìlì, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà tún gbọ́wọ́ sókè. Agnes rápálá dìde, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gé e jẹ ní ojúgun títí ó fi sá jáde. Mardiyah ń wá ibi tí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà wà. Ó rí i. Ó pa ti àtijọ́ rẹ́, ó fi tuntun sí i. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Ó tẹ nọ́ńbà Báyọ̀dé.

Pupa.

Igbe kan dún níta nígbà náà, tí kò dà bí àwọn tó ti ṣáájú. Pákó tí ìṣó wà lórí rẹ̀ ti ba Báyọ̀dé lójú òsì.

Mardiyah ka ọ̀rọ̀ pupa náà. Agnes ní kí wọ́n sá, kí wọ́n gba ẹ̀yìn. Mardiyah tún un kà. Kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ sọ pé kò sẹ́ni tó dáhùn. Èyí sọ pé: mo gbọ́ ọ, n kò mọ̀ ọ́, padà. Sáfà ti sọ̀rọ̀. Ó ku orúkọ ẹni tó ń kàn. Ó wo nọ́ńbà kọ̀ǹpútà Agnes, èyí tó kọ sílẹ̀ pé mẹ́rìnlá ni. Kì í ṣe mẹ́rìnlá mọ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pín nọ́ńbà fún gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti kú pẹ̀lú iná, ó jí, ó sì pín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe wù ú. Mardiyah fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mẹ́rìnlá padà fún un. Ó rọra kọ ọ́. Bó bá ṣì í kọ, kò sí àyè láti tún un kọ, nítorí ó ti ń gbọ́ òórùn epo bẹntiróòlù.

Ó tẹ nọ́ńbà náà. Ojú Báyọ̀dé jáde, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọjọ́ tó wọ ẹgbẹ́. Agogo mẹ́wàá lé mẹ́tàlélógójì.

Ó dé ẹnu fèrèsé. Táyà ti wà lọ́rùn Báyọ̀dé, wọ́n ti da epo lé e, ara rẹ̀ ń dán. Al-Ameen ló mú ìṣáná. Mardiyah mọ̀ pé bí òun bá ní kì í ṣe olè, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Ó padà, ó tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹni kẹta tí wọ́n pa, ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà dé ibi tí wáyà rẹ̀ gùn dé, ó kọjú rẹ̀ sí ìta, ó sì ké pẹ̀lú gbogbo ohùn tó ní.

“Al-Ameen, wá wo ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lè yí i lọ́rùn. Ó wò. Àwòrán ẹ̀gbọ́n náà ló wà níbẹ̀, ó wọ fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Al-Ameen sún mọ́ fèrèsé pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́. Mardiyah fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kó kà á sókè. Ó kà á. Ó ní kó lọ ka ti kẹ̀kẹ́ tó wà níta.

Al-Ameen lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Báyọ̀dé, ó fi fìlà ara rẹ̀ nu ọ̀rá kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà náà níkọ̀ọ̀kan. Èkínní yàtọ̀. Èkejì yàtọ̀. Kò kà á tán. Sàjẹ́ǹtì ní kí ló ń ṣe lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣé òun ló fẹ́ rà á ni. Ó ní bí àánú bá ti ń ṣe ọmọ ìyá òkú, àánú kò ṣe òun, ó sì mú láítà jáde nínú àpò.

Al-Ameen sá wá, ó sì dà bo Báyọ̀dé mọ́lẹ̀. Epo kó bá òun náà.

Ó ní, “Kì í ṣe òun. Mo ti kà á. Ẹ tan iná yín o, àwa méjèèjì ni.”

Pákó bà á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó wà níwájú tó mọ ẹni tí wọ́n ń lù. Wọ́n dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè pé kí ló dé. Ẹnì kan gba láítà lọ́wọ́ Sàjẹ́ǹtì. Ọkọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sídìí kẹ̀kẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tí Richard pè fi máa dé, ẹni mẹ́rin péré ló kù nílẹ̀ náà, obìnrin méjì wà nínú wọn.

Báyọ̀dé kò kú. Ọjọ́ kejìlá, Mardiyah lọ wò ó nílé ìwòsàn ní Ìgándò. Agnes ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ nǹkan kan. Agnes ní ta ló mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà àti nọ́ńbà, gbogbo Ìkòtún ló gbà pé iná ló fà á, kí ó jẹ́ kí iná rù ú. Mardiyah ní òun ti gbọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún Báyọ̀dé wà nínú sìmẹ́ńtì dé èjìká. Òwú bo ojú òsì, kò sì sí ojú mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mardiyah jókòó lórí àga igi, ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, láti Sátidé. Kò gùn. Ó ní ẹ̀rọ kò bàjẹ́, òun ló pààrọ̀ rẹ̀ tí òun kò parí rẹ̀.

Báyọ̀dé wo òkè àjà. Ó bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni.

Ó ní, “Mọ́kàndínlógún, láti ìgbà tí mo dé.”

“Wọ́n ti ṣẹ́ ọwọ́ kí ẹ tó dé.” Báyọ̀dé fi ọwọ́ òsì kan òwú ojú rẹ̀. “Ọwọ́, tiwọn ni. Ojú, tiyín ni.”

Mardiyah ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ó bi í bóyá òun lè tún wá. Báyọ̀dé ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ti bàbá òun, ẹni tó bá wù ú lè wọlé. Mardiyah dìde.

Ìyá Báyọ̀dé ti wà níta, ó ń fọ abọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó nu ọwọ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ńlá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ti sọ fún òun bí wọ́n ṣe lù ú lẹ́nu nítorí ọmọ òun tí kò sì sá. Ó ní Ọlọ́run á dá a lọ́lá, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní pàdé èrò tó ń bínú.

Mardiyah lè ṣe àmín kó máa lọ. Kẹ̀kẹ́ ti dúró dè é. Ó dúró síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún ìyá náà pẹ̀lú, bó ṣe sọ ọ́ fún ọmọ, láti Sátidé títí dé ìṣẹ́jú tí ìṣó bà á lójú.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì padà wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.